Jímọ̀ Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́ ní abúlé àbúrò ìyá mi, lọ́nà Massè, kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ ti àwọn obìnrin mùsùlùmí abúlé náà. Àgbá onírin eléhín tó ń rin ẹ̀gẹ́ gan-an jẹ́ ti àwọn obìnrin agboolé tó ń bọ òrìṣà. Nígbà kan, àgbá ti àwọn obìnrin mùsùlùmí jẹ tán, ẹ́ńjìnnì ti àwọn obìnrin agboolé náà kọ̀, kò dún mọ́, ni ẹgbẹ́ méjèèjì bá ń fi ọwọ́ rin ẹ̀gẹ́ lórí páànù tí wọ́n fi ìṣó lu nihò, tí èékánná wọn ń bá a lọ. Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní ìyá kékeré, ló lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọ́n fi gbà láti so ẹ́ńjìnnì ti àwọn kan mọ́ àgbá ti àwọn kejì. Bẹ́líìtì tó so méjèèjì pọ̀ nìkan ni wọ́n jọ rà.

Mo kọ́kọ́ sọ èyí kí ẹ lè mọ ohun tí àṣìṣe mi ìbá bà jẹ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá bínú tó sì gbé tirẹ̀ lọ, kò sí ẹni tó ní ẹ̀rọ mọ́, gbogbo wọn á padà sídìí páànù.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí yunifásítì nígbà náà ni. Mo ń gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí mi ní Adja-Ouèrè, mo ń kọ ìwé wáṣẹ́ kiri, mo sì máa ń gun alùpùpù bàbá mi lọ sí ọ̀nà Massè nígbà tí ilé bá sú mi. Ìyá kékeré kì í bi mí nípa iṣẹ́. Ohun tó máa ń bi mí ni bóyá mo ti jẹun. Lọ́jọ́ kan, kí n tó jẹun tán, ó ní:

"Ìwọ tó kàwé kọ̀ǹpútà yìí, ṣé fóònù ò lè máa sọ fún olúkúlùkù pé ọ̀la ló kàn án?"

"Ó lè sọ ọ́, mà. Ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún fóònù?"

"Ìwọ ni. Kí la rán ọ lọ kọ́ níbẹ̀?"

Ohun tó ń dà wọ́n láàmú ni pé lísì wọn kì í dúró lójú kan. Wọ́n lé ní ogún, olúkúlùkù sì ní ọjọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ òrìṣà agboolé máa ń pé ní ọrọọrún bí ọjọ́ ọjà, wọn kì í sì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kankan dún ní abúlé lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá bọ́ sí lọ́wọ́ á sún sí ọjọ́ kejì, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ á sún tẹ̀lé e. Jímọ̀ tún wà. Àwọn obìnrin mùsùlùmí kì í rin ẹ̀gẹ́ ní Jímọ̀. Wọn kì í ní kí ẹ̀rọ dákẹ́. Wọ́n kàn máa ń bá obìnrin agboolé kan pààrọ̀ ọjọ́. Orí ni ìyá kékeré ń tọ́jú gbogbo ìsúnsíwájú àti ìpààrọ̀ yìí sí. Orí rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n orí kan ni, ẹ̀gẹ́ tí a bá sì ti bó kì í dúró de ẹni tó gbàgbé. Nígbà tí obìnrin méjì gbé ẹ̀gẹ́ bíbó dé lọ́jọ́ kan náà, wọ́n bú ara wọn débi pé wọ́n bú àna ara wọn mọ́ ọn.

Mi ò dá iṣẹ́ náà ṣe. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, obìnrin, ó fi ọdún méjì jù mí lọ, ìyá rẹ̀ sì wà lára àwọn ẹlẹ́ńjìnnì yìí. Àjàṣẹ́ ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí mo ro ọ̀rọ̀ náà fún un lórí fóònù, ó ní, "Àbúrò, bí a ò bá ṣe é dáadáa, ìyá mi ló máa kọ́kọ́ pa wá." Mo rò pé àwàdà ni.

Ètò kan tí wọ́n ń pè ní Git la fi ń tọ́jú ohun tí a ń kọ. Ó máa ń rántí gbogbo ohun tí o ti kọ rí àti ohun tí o fi rọ́pò rẹ̀. Bí ẹni méjì bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lórí ìwé kan náà láìdúró de ara wọn, olúkúlùkù á ya ẹ̀ka tirẹ̀ lára ìwé náà, á kọ ohun tó fẹ́ kọ sórí rẹ̀, lẹ́yìn náà ni wọ́n á pa ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Bí mo bá tún òkè ìwé ṣe, tí òun tún ìsàlẹ̀ ṣe, Git á pa á pọ̀ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwa méjèèjì bá fọwọ́ kan ìlà kan náà, á dúró. Kò ní gbè sẹ́yìn ẹnì kankan. Á kọ tèmi sókè, á fa àmì sáàárín, á kọ tirẹ̀ sísàlẹ̀, á sì máa retí kí n sọ èyí tí yóò dúró. Ìforígbárí ni a ń pe ìyẹn.

Wọ́n ti kọ́ wa ní yunifásítì. Mo tilẹ̀ gba máàkì tó dáa níbẹ̀, nítorí pé ohun tí ìdánwò béèrè ni kí ni ìforígbárí jẹ́, kò béèrè ohun tí a ó ṣe sí i. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i nínú iṣẹ́ gidi, mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo lọ wẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀. Mo pe ọ̀rẹ́ mi.

"Nǹkan mẹ́ta ni kí o kà," ó ní. "Ka tìẹ. Ka tèmi. Kí o wá ka ohun tó wà níbẹ̀ kí àwa méjèèjì tó dé."

"Méjì péré ni mò ń rí."

"Ìkẹta kì í yọjú fúnra rẹ̀. Ìwọ lo máa lọ wò ó."

Ìmọ̀ràn tó dára ni, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni mo rí ọ̀nà àbùjá. O lè sọ fún Git pé kó mú tiwa, kó sì da tiwọn nù, tàbí kó mú tiwọn kó da tiwa nù. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wàá tẹ̀. "Tiwa" ni ohun tó wà lórí ẹ̀ka tí o dúró lé. "Tiwọn" ni ohun tó ń bọ̀ láti ibòmíràn. Ọ̀nà àbùjá náà dùn mọ́ mi ju bó ti yẹ lọ, pàápàá tí iná bá ti fẹ́ tán nínú bátìrì.

Ó ti kọ́kọ́ gbá mi létí díẹ̀. Èmi kọ pé kí àtẹ̀jíṣẹ́ náà máa sọ pé, "Ọ̀la ló kàn yín." Òun kọ pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀la ló kàn yín." Ìforígbárí dé, mo mú tiwa. Ó di ọjọ́ kejì kó tó rí i.

"Ìkíni mi dà?"

"Mo rò pé kò pọn dandan."

"Ìwọ ń ránṣẹ́ sí ìyá mi, o ò kí i. Ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn, tàbí Git ló tọ́ ọ?"

Mo dá ìkíni náà padà. Ẹni tó ń fi ara balẹ̀ ì bá ti rí ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀. Mo rí i pé ó yẹ kí á máa kí àgbà. Mi ò rí i pé mo ń da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn nù láìkà á.

Ní Ọjọ́rú tó ṣáájú ọjọ́ tí lísì náà máa bẹ̀rẹ̀, mo jókòó ní iyàrá mi ní Adja-Ouèrè láti pa ẹ̀ka wa méjèèjì pọ̀ fún ìgbà ìkẹyìn. Ìforígbárí kan ṣoṣo ló wà, níbi tí ètò náà ti ń wò ó bóyá ọ̀la yẹ fún ẹni tó kàn. Ìlà mẹ́fà ni mo kọ síbẹ̀ nípa ọjọ́ òrìṣà. Nínú tirẹ̀, ọjọ́ òrìṣà kò sí rárá. Jímọ̀ nìkan ló wà. Mo rò pé ó ti pa tèmi rẹ́. Mi ò lè sọ dájú pé inú bí mi. Ohun tí mo mọ̀ ni pé mi ò pè é, ó sì yẹ kí n pè é. Mo tún rántí pé mo ti rí ọ̀rọ̀ náà, Jímọ̀, nínú fáìlì mìíràn tó kọ, nítorí náà mo gbà pé ó ti bójú tó o níbẹ̀. Mi ò ṣí fáìlì náà. Èmi tí mo máa ń bi ẹni tó ní òjò fẹ́ rọ̀ pé báwo ló ṣe mọ̀. Ká ní mo ṣí i, ǹ bá ti rí i pé àkíyèsí lásán ló kọ síbẹ̀: "Jímọ̀, ó ń bọ̀." Mo mú tiwa. Git kò ráhùn. Ó pa á pọ̀ kíá, ó sì mọ́ tónítóní.

Ní Ọjọ́bọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ àkọ́kọ́ jáde lọ́sàn-án. Ìyá kékeré pè mí pé òun gbọ́ pé fóònù ti sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Kò mọ ẹni tó sọ̀rọ̀ sí. Láàárọ̀ Jímọ̀ ó tún pè. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ: "Máa bọ̀."

Kí n tó sọ alùpùpù kalẹ̀ ni mo ti rí púùsì, kẹ̀kẹ́ akẹ́rù tí wọ́n ń fọwọ́ tì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Obìnrin mùsùlùmí mẹ́jọ dúró yí i ká nínú aṣọ funfun, ìbòrí wọn mọ́ tòò. Wọ́n ti tú méjì nínú nọ́ọ̀tì mẹ́rin tó de ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Àwọn obìnrin agboolé wà ní apá kejì, ọwọ́ wọn wà ní ìbàdí. Ìyá kékeré jókòó sáàárín wọn, lórí bẹ́líìtì. Ó ti yọ ọ́, ó ká a bí òṣùká, ó sì jókòó lé e.

Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn. Ìyá ọ̀rẹ́ mi, obìnrin tínrín kan tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ló dá mi lóhùn.

"Ìwọ ni ọ̀gá fóònù?"

"Èmi ni, mà."

"Fóònù rẹ kí mi dáadáa. Ó ní ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn náà ó ní kí n wá rin ẹ̀gẹ́ ní Jímọ̀."

"Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ni," obìnrin kan lẹ́yìn rẹ̀ sọ. "Ẹ jẹ́ ká gbé ẹ́ńjìnnì wa. Kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ yí àgbá wọn."

"Ẹ gbé e," ọ̀kan nínú àwọn agboolé dá a lóhùn. "Ẹ gbé e sílé, kó máa bá yín lé àwòdì lórí àwọn ọmọ adìẹ."

"Ó sàn kó lé àwòdì ju kó máa rin ẹ̀gẹ́ fún aláìmoore."

"Kí ẹ tó gbé e," ìyá kékeré sọ láìdìde, "ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹnu ẹni tó kọ ọ́."

Gbogbo wọn wò mí. Mo lè sọ pé ẹ̀rọ ló ṣe àṣìṣe. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tó lè já mi nírọ́, mo sì rò ó wò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ mi á mọ̀ kó tó di ìrọ̀lẹ́, ẹgbẹ́ kan á sì máa fura sí ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀.

"Èmi ni mo pa Jímọ̀ rẹ́," mo wí.

Obìnrin kan béèrè bóyá láti inú kàlẹ́ńdà ni.

"Láti inú lísì, mà."

"Ó ní òun pa Jímọ̀ rẹ́," ó wí fún ẹnìkejì rẹ̀, "a ò sì tíì sọ fún lèmọ́mù."

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti apá àwọn mùsùlùmí fúnra wọn, ó sì ré kọjá sí apá kejì. Ìyá ọ̀rẹ́ mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Ọmọ mi sọ fún mi pé òun kọ Jímọ̀ síbẹ̀."

"Ó kọ ọ́, mà. Nígbà tí mo fẹ́ pa tèmi àti tirẹ̀ pọ̀, ètò náà ní kí n yàn. Mo yan tiwa."

"Ta ni tiwa?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn, pé tiwa kàn túmọ̀ sí ẹ̀ka tí ènìyàn dúró lé, pé kò kan agboolé tàbí ẹ̀sìn. Ó gbọ́ ọ títí mo fi dákẹ́.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ta ló dúró lórí ẹ̀ka náà?"

"Èmi ni."

"Ọmọ ilé ta ni ọ́?"

Inú agboolé tó ń bọ òrìṣà ni ìyá kékeré wọlé ọkọ sí, gbogbo wọn ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "A máa lọ kírun Jímọ̀ lọ́sàn-án. Kí á tó lọ, tún un ṣe lójú wa. Bí kò bá ṣeé tún ṣe, púùsì ti wà níbẹ̀."

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi lé orí àgbá epo òfìfo kan. Mo pe ọ̀rẹ́ mi ní Àjàṣẹ́, mo sì ṣí ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo wọn lè gbọ́.

"Mo ti gbọ́," ni ohun tó kọ́kọ́ sọ. "Ìyá mi ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta láti òwúrọ̀."

"Má bínú."

"Màá bínú tó bá yá. Ibi iṣẹ́ ni mo wà. Ṣí ìwé náà."

Ohun kan tó dára nínú Git ni pé ohun tí o dà nù kò tíì nù. Mo dá iṣẹ́ náà padà sí bó ṣe wà kí n tó pa á pọ̀, mo tún sọ pé kó pa á pọ̀, ìforígbárí náà sì tún yọ bó ṣe yọ ní Ọjọ́rú. Àwọn obìnrin náà rọ́ wá sẹ́yìn mi. Ọ̀kan na ìka sí àmì tó wà láàárín.

"Ṣé ìjà ọ̀hún nìyí?"

"Òun nìyí, mà."

"Kò mà tóbi."

"Ka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta," ọ̀rẹ́ mi wí nínú fóònù.

Mo ka tèmi, mo ń túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bí mo ti ń kà á: bí ọ̀la bá jẹ́ ọjọ́ òrìṣà, má ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, sún gbogbo wọn síwájú. Mo ka tirẹ̀: bí ọ̀la bá jẹ́ Jímọ̀, tí ẹni tó kàn sì jẹ́ mùsùlùmí, fi í pààrọ̀ pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo lọ wo ìkẹta, ohun tó wà níbẹ̀ kí àwa méjèèjì tó dé. Ìlà kan péré ni: wo ẹni tó kàn, ránṣẹ́ sí i. Òrìṣà kò sí níbẹ̀. Jímọ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti ya ẹ̀ka tirẹ̀ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan nípa òrìṣà.

"Mo rò pé o pa tèmi rẹ́ ni," mo wí.

"Báwo ni mo ṣe máa pa ohun tí mi ò rí rẹ́?"

"Mo ti rí i báyìí."

"Ọjọ́rú ló yẹ kí o ti rí i. Fóònù ò wọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n jà tán," obìnrin kan sọ lẹ́yìn mi. "Ó ń ṣe ara lóore."

Mo yọ àwọn àmì àárín náà kúrò, mo fi méjèèjì sílẹ̀, tirẹ̀ lókè, tèmi nísàlẹ̀. Mo kà á fún wọn: kọ́kọ́ wo Jímọ̀, kí o pààrọ̀, lẹ́yìn náà wo ọjọ́ òrìṣà, kí o sún. Wọ́n ní ó ti tán. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn agboolé, tó jókòó sórí àpótí tó ń bó ẹ̀gẹ́ bí ẹni pé kò gbọ́ wa, ló bi wá léèrè.

"Bí Jímọ̀ bá bọ́ sí ọjọ́ òrìṣà ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ò ní dún, mà."

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ti pààrọ̀ wa kí ẹ tó mọ̀ pé kò ní dún. Ká ní ìyá mùsùlùmí yìí ló ni Jímọ̀. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà, ọjọ́ rẹ̀ á sún sí Sátidé, á wá rin ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Kí ló ń bá mi pààrọ̀ fún? Ẹ ti lé e lọ sí ẹ̀yìn lásán."

Mo fi ìka ka àwọn ọjọ́ náà lórí àgbá epo náà. Mo tún un kà. Òótọ́ ló sọ. Nínú fóònù, mo gbọ́ tí ọ̀rẹ́ mi ń tẹ nǹkan.

"Ta nìyẹn?" ó béèrè.

Mo sọ ẹni tó jẹ́ fún un.

"Bá mi kí wọn. Wọ́n ti rí ohun tí àwa méjèèjì ò rí. Gbé ti òrìṣà sókè."

Mo gbé e sókè. Ni obìnrin tó fẹ́ gbé ẹ́ńjìnnì láti òwúrọ̀ bá sọ pé òun ti mọ̀, pé ibi tí gbogbo rẹ̀ máa yọrí sí nìyẹn, tiwọn lókè, tiwa nísàlẹ̀. Ìyá ọ̀rẹ́ mi ló dá a dúró.

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iyì," ó ní. "Ọjọ́ tó ń pa ẹ̀rọ lẹ́nu mọ́ ni kí á kọ́kọ́ wò. Tí kò bá ní dún, kí la tún ń sọ?"

"Ẹ rí i pé tiwa ló ṣíwájú," ọ̀kan nínú àwọn agboolé sọ.

"Ẹ máa ṣíwájú lọ. Ẹ ò rí i pé tiwa ló kẹ́yìn ọ̀rọ̀."

Ó ku ohun kan: ètò náà ní láti mọ ẹni tí olúkúlùkù obìnrin mùsùlùmí ń bá pààrọ̀. Títí di ìgbà náà, ẹni tó bá wà nítòsí ni wọ́n máa ń bẹ̀. Mo bi ìyá ọ̀rẹ́ mi pé ta ni kí n kọ sílẹ̀ fún un. Ó nawọ́ sí ìyá àgbà tó ń bó ẹ̀gẹ́.

"Ẹni tó gbọ́n jù ẹ́ lọ yẹn."

Àwọn yòókù yan tiwọn, wọ́n ń pariwo, wọ́n ń kọ ara wọn, wọ́n tún ń gba ara wọn padà. Ẹnì kan ní òun ò fẹ́ ẹni tí kì í tètè jí. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà mo ní kí ètò náà fi ọjọ́ mẹ́rìndínlógún tó ń bọ̀ hàn wá, mo sì ń ka ọjọ́ àti ẹni tó ni ín, kí olúkúlùkù sọ pé ó dára tàbí kò dára. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọn ò rí àléébù kankan. Obìnrin kan ní òun ò fẹ́ kí ọjọ́ òun bọ́ sí ọjọ́ ọjà Ikpinlè; mo ní ìyẹn di iṣẹ́ mìíràn, ó ní òun máa rán mi létí. Mo fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí Àjàṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kà á tán, ó dán an wò lọ́dọ̀ tirẹ̀, ó ní, "Ó ti wọlé," ó sì pa fóònù, torí ọ̀gá rẹ̀ ń bọ̀.

Mi ò fẹ́ sọ pé Git ló dá ẹgbẹ́ náà dúró. Bí mo ti rò ó sí, ìyá kékeré ló dá a dúró kí n tó dé, nígbà tó yọ bẹ́líìtì tó sì jókòó lé e: bẹ́líìtì náà nìkan ni ohun tí kò sí ẹgbẹ́ tó lè sọ pé tòun ni. Èmi kàn tún ohun tí mo bà jẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé mi ò tíì mú tiwa láìka tiwọn láti ọjọ́ náà, kì í ṣe nítorí pé mo di ènìyàn rere, bí kò ṣe pé mo máa ń rí obìnrin mẹ́jọ nínú aṣọ funfun lẹ́yìn mi tí wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló de nọ́ọ̀tì méjèèjì padà, ó fi eteetí ìbòrí rẹ̀ nu ọ̀rá kúrò lọ́wọ́ kó tó ronú nípa rẹ̀, ó sì kẹ́dùn fún ìbòrí náà. Ìyá kékeré dìde, ó so bẹ́líìtì mọ́ ọn. Jímọ̀ ti di ti ìyá àgbà báyìí, ẹ̀gẹ́ tó bó kò sì tó ohun tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ṣí ẹ̀rọ. Ó wo púùsì.

"Níwọ̀n ìgbà tó ti wà níbẹ̀," ó ní, "kó bá mi gbé ìyókù láti oko."

Èmi ni mo tì í. Nígbà tí mo fi dé, àwọn mùsùlùmí ti lọ sí mọ́ṣáláṣí, àwọn agboolé sì jókòó yípo, wọ́n ń dúró dè mí pẹ̀lú ọ̀bẹ. Mo bó ẹ̀gẹ́ pẹ̀lú wọn. Wọ́n ní mo ń bó o bí ẹni tó ń ya àwòrán. Lẹ́yìn náà wọ́n ta ẹ́ńjìnnì jí. Ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé a ò gbọ́ ara wa mọ́. Omi ẹ̀gẹ́ ń ta sí wa lójú, ohun tí wọ́n ti rin sì ń ṣàn funfun sínú abọ́.

Bí àwọn tó lọ kírun ti ń padà bọ̀, ìyá ọ̀rẹ́ mi dúró lọ́nà jíjìn kí omi má baà ta sí aṣọ rẹ̀. Ó wo ẹ̀rọ fún ìgbà díẹ̀. Ó nawọ́ sí mi, ó sì sọ ohun kan tí mi ò gbọ́. Mo rìn lọ bá a.

"Mo ní, ta ló ni ọ̀la?"

Mo wo aago. Àtẹ̀jíṣẹ́ ti jáde ní nǹkan bí wákàtí kan sẹ́yìn. Ẹni tó ni ọ̀la ni obìnrin agboolé kan tó jókòó sí ẹnu àgbá, fóònù rẹ̀ wà nínú kókó aṣọ ní ìbàdí rẹ̀, kò sì gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gbọ́ ọ. Mo padà lọ bá a, mo fẹnu sí etí rẹ̀, mo pariwo pé ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀la ló kàn yín.

Ó yí ojú sí mi, èérún ẹ̀gẹ́ wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ṣé fóònù ló rán ọ?"

"Òun ni, mà."

"Sọ fún un pé mo ti gbọ́," ó ní, ó sì tún gbé abọ́ mìíràn sábẹ́ àgbá.